Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Orúkọ Kúkúrú fún Ọ̀nà Jíjìn

Ní ilẹ̀ Yorùbá, nígbà tí ìyàwó titun bá wọ ilé ọkọ, kì í pe ọmọ ilé kankan ní orúkọ àbísọ rẹ̀, ìbá à ṣe ọmọ tí ń rákò. Bí a bá ti bí ọmọ náà kí ìyàwó tó dé, ọkọ li ó jẹ́ fún un, orúkọ ọ̀wọ̀ li ó sì níláti fi pè é. Nítorí náà li ìyàwó ṣe máa ń wo oníkálukú wò, tí í sì fún un ní orúkọ tí ó bá ìrí tàbí ìwà rẹ̀ mu: ọ̀kan a di Adúmáadán, ọ̀kan a di Òpéléńgé, ẹni tí eyín rẹ̀ funfun a di Eyínfúnjowó, èyí tí ń gbé síléètì lọ sí ilé-ìwé a sì di Akọ̀wé. Ará ìta kò mọ àwọn orúkọ wọ̀nyí. Bí ẹ bá dúró ní ìgboro tí ẹ ń béèrè ilé Òpéléńgé, kò sí ẹni tí yóò lè fi hàn yín. Ṣùgbọ́n nínú ilé náà, bí ìyàwó bá ti pè é lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ó ni orúkọ yóò dáhùn lójú kan náà, ẹlòmíràn kò sì ní jẹ́ ẹ.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gan-an li àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lí ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ènìyàn li a ó fún lórúkọ, bí kò ṣe àwọn ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà: ojú ìwé báńkì, ti ilé-ìwé àwọn ọmọ, ti ìwé atúmọ̀-èdè, ti ìwé ìròyìn. Bíráósà, èyíinì ni ẹ̀rọ tí a fi ń ṣí àwọn ojú ìwé náà, ti fi àyè sílẹ̀ fún irú orúkọ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, a kì í sì í san kọ́bọ̀ lé e lórí; síbẹ̀ mo ti rí àwọn akọ̀wé tí ó ti lo kọ̀ǹpútà fún ogún ọdún tí wọn kò gbọ́ ọ rí. Bí ó bá jẹ́ pé kìkì títẹ lẹ́tà li ó ń dínkù, èmi kì bá tí fi gbogbo abala yìí sọ ọ́. Owó ilé li ọ̀rọ̀ náà kàn.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Lí ọdún 1993, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kan gbé bíráósà kan jáde tí wọ́n pè ní Mosaic. Wọ́n fi àyè kan sí inú rẹ̀ tí ènìyàn lè fi àdírẹ́sì ojú ìwé tí ó bá fẹ́ràn pamọ́ sí. Hotlist li orúkọ àyè náà. Lí ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Netscape dé, òun sì pè é ní Bookmark, nígbà tí Internet Explorer ti ọdún 1995 pè é ní Favorites. Orúkọ tí Netscape fún un yóò yé ẹnikẹ́ni tí ó ti di ìwé orin mú rí: ó jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi sí àárín ìwé kí a lè tètè ṣí ojú ewé tí a ń fẹ́. Àmì-ìwé li àwa yóò máa pè é níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n okùn inú ìwé orin dára nígbà tí ó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ bá fi igba okùn sí inú ìwé kan, ẹ ti padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ níláti wá okùn kí ẹ tó wá orin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ li ó rí pẹ̀lú àmì-ìwé orí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa. Wọ́n tò gbọọrọ bí ìlà àwọn tí ń dúró gba owó ìfẹ̀yìntì, a kò sì rántí ìdí tí a fi fi ìdajì wọn síbẹ̀.

Nígbà tí ó bá sú ènìyàn tán, kí li ó ń ṣe? A kọ orúkọ báńkì rẹ̀ sí inú àpótí Google, a sì tẹ ohun tí ó bá kọ́kọ́ yọ. Níbẹ̀ li ewu wà. Àwọn àgbà wí pé abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, bí ẹni tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá ti ní ọjà tirẹ̀ láti tà. Ẹ̀rọ ìwárí ní ọjà láti tà. Púpọ̀ nínú àwọn ìlà tí ó ń gbé sí òkè pátápátá jẹ́ ìpolówó, ẹni tí ó sì san owó li a gbé síwájú. Àwọn gbájú-ẹ̀ pẹ̀lú ní owó tí wọ́n lè san. Wọn a kọ́ ojú ìwé kan tí ó jọ ti báńkì bí ìbejì ti ń jọra, wọn a gba àdírẹ́sì tí ó fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ti òtítọ́, wọn a sì ra àyè ìpolówó kí orúkọ wọn lè yọ lókè. Ẹni tí ó ń kánjú yóò wọlé, yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ sílẹ̀ fún olè, ojú ìwé náà yóò sì sọ fún un pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ó padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ìṣẹ́jú díẹ̀ náà tó pé, owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ti lọ.

Èyí kì í ṣe ìtàn tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Ní oṣù December ọdún 2022, FBI, ẹ̀ka tí ń wádìí ọ̀ràn fún ìjọba Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé àwọn oníjìbìtì ń ra àyè ìpolówó lórí ẹ̀rọ ìwárí, tí wọ́n sì ń fi ara wọn pe àwọn ilé-iṣẹ́ olókìkí láti fi gba ọ̀rọ̀ àṣírí àti owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ìmọ̀ràn kan tí wọ́n fi kún un kò le rárá: kí ènìyàn má ṣe wá ilé-iṣẹ́ náà kiri lórí ẹ̀rọ ìwárí, bí kò ṣe pé kí ó fúnra rẹ̀ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí ibi tí a ń kọ ọ́ sí. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè máa kọ àdírẹ́sì gígùn lójoojúmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní ṣì lẹ́ẹ̀kan? Lẹ́tà kan tí ó ṣì lè gbé ènìyàn dé ilé olè kan náà, nítorí àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti ra àwọn àdírẹ́sì tí ó jọ àṣìkọ, kí wọ́n sì jókòó níbẹ̀ máa dúró de ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣì. Orúkọ kúkúrú ń dí ihò méjèèjì pa.

Kì í ṣe ọgbọ́n titun pátápátá. Ní ayé àwọn bàbá wa, nígbà tí a ń tẹ wáyà, orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan li a ń san owó lé, àti ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ àdírẹ́sì pẹ̀lú. Nítorí èyí li àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ṣe máa ń forúkọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tí yóò dúró fún orúkọ wọn, òpópónà wọn àti nọ́mbà ilé wọn. Ẹni tí ó bá rí ìwé àtijọ́ àwọn oníṣòwò lè rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lókè, nítòsí orúkọ ilé-iṣẹ́. Akọ̀wé tí ó tẹ ẹyọ ọ̀rọ̀ náà ti dín owó kù fún ọ̀gá rẹ̀, kò sì sí nọ́mbà ilé tí yóò ṣì kọ.

Ó tó àkókò kí a fi ọwọ́ kàn án. Firefox li èmi yóò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun li ó so orúkọ kúkúrú mọ́ àmì-ìwé fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí ojú ìwé tí ẹ fẹ́. Ẹ di Ctrl mú kí ẹ tẹ D. Àpótí kékeré kan yóò yọ, ẹ tẹ Save, àmì-ìwé ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ di Ctrl àti Shift mú pọ̀, kí ẹ tẹ O. Ibi tí a kó gbogbo àmì-ìwé yín jọ sí yóò ṣí, èyí tí Firefox ń pè ní Library. Ẹ wá èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀ rí, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní ìsàlẹ̀ li ẹ ó rí àyè fún orúkọ rẹ̀, àyè fún àdírẹ́sì rẹ̀ tí a kọ URL sí, àti àyè kan tí a kọ Keyword sí. Àyè Keyword yìí li ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò dá. Ẹ kọ orúkọ tí ẹ bá fẹ́ síbẹ̀, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní àlàfo láàárín. Ó parí. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ di Ctrl mú kí ẹ tẹ L, kí ẹ lè bọ́ sí ibi àdírẹ́sì lókè. Ẹ kọ orúkọ náà, ẹ tẹ Enter, ẹnu-ọ̀nà náà gan-an li ẹ ó sì bá ara yín.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí akọ̀wé ti ń ṣírò. Àdírẹ́sì Wikipedia tí a kọ lí èdè Yorùbá ni yo.wikipedia.org, lẹ́tà àti àmì 16. Bí ẹ bá fún un ní orúkọ wk, ó di 2. Ẹni tí ó bá ń ṣí i ní ìgbà 10 lójúmọ́ ti dá 140 sí. Ìyẹn lè kéré lójú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá tí oríkèé ọwọ́ ń dùn, tàbí màmá tí ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kiri lórí kíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Ṣùgbọ́n ilé li à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ẹ bá so orúkọ mọ́ ilé olè, ilé olè ni yóò máa gbé yín lọ lójoojúmọ́, ọkàn yín yóò sì balẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ li a níláti ṣọ́ra jù. Fún ti báńkì, ẹ mú àdírẹ́sì láti inú ìwé tí báńkì fi lé yín lọ́wọ́, tàbí kí ẹ béèrè ní ọ́fíìsì wọn. Ẹ má ṣe mú un láti inú ọ̀rọ̀ tí ó ṣàdédé wọ inú fóònù yín. Nígbà tí ojú ìwé bá ṣí, ẹ ka àdírẹ́sì náà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, nítorí ẹ̀yìn ni onílé ń gbé. Nínú yo.wikipedia.org, wikipedia.org li onílé, yo sì jẹ́ yàrá kan nínú ilé rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kọ wikipedia.org síwájú, tí ó tún fi àmì ìdánudúró àti orúkọ mìíràn tẹ̀lé e kí ó tó kan àmì / tí ó tẹ̀lé wọn, orúkọ ẹ̀yìn náà li onílé. Ti iwájú jẹ́ aṣọ tí ó yá wọ̀.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí https tàbí àwòrán àgádágodo tí ẹ bá rí lókè fi yín lọ́kàn balẹ̀ jù. Ohun tí ó ń wí ni pé ẹni tí ó wà lí ojú ọ̀nà kò lè yọjú wo ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín yín àti onílé. Kò wí pé onílé kì í ṣe olè. Àwọn olè pẹ̀lú ń ra àgádágodo. Ẹnu-ọ̀nà ìta li kí ẹ fi àmì sí, kì í ṣe yàrá inú tí ẹ dé lẹ́yìn tí ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ àṣírí yín, nítorí àdírẹ́sì yàrá inú lè má ṣí mọ́ lọ́la. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ̀rọ̀ àṣírí sí ibikíbi nínú àmì-ìwé. Orúkọ kúkúrú ń mú yín dé ẹnu-ọ̀nà ni. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Títí di ìsinsìnyí, ohun tí a sọ kò ju pé kí a pe ẹnìkan kí ó sì dáhùn. Èyí tí ó kàn li ó wú èmi lórí jùlọ. Ẹ lè pe orúkọ náà kí ẹ sì rán an ní iṣẹ́ lójú kan náà. Ìyàwó ilé tí ó bá ké sí i pé, “Akọ̀wé, ẹ bá mi mú omi wá,” kò kọ́kọ́ pe ọmọ náà, kí ó dúró títí yóò fi dé, kí ó tó dárúkọ omi. Orúkọ àti iṣẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ pọ̀.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Bí ẹnìkan bá wá ọ̀rọ̀ nínú Wikipedia ti Yorùbá, àdírẹ́sì tí ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ ní ibi tí a ń kọ ọ̀rọ̀ tí a ń wá sí, ní ìparí pátápátá. Níbẹ̀ li a ó fi àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún àti lẹ́tà s kékeré sí, láti di àyè mú:

https://yo.wikipedia.org/w/index.php?search=%s

Ẹ ṣe àmì-ìwé kan, ẹ kọ ìlà yìí sí àyè URL rẹ̀ bí ó ti wà gẹ́lẹ́, kí ẹ sì fún un ní Keyword wy. Láti ìgbà náà, bí ọmọ yín bá kọ wy Abẹ́òkúta lókè tí ó sì tẹ Enter, Firefox yóò mú Abẹ́òkúta, yóò fi í sí ipò %s, yóò sì lọ tààrà. Bí ìwé kan bá wà tí àkọlé rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ náà mu, òun ni yóò ṣí. Bí kò bá sí, a ó to àwọn tí ó súnmọ́ ọn fún un kí ó yàn. Lẹ́tà àti àmì 44 li ó wà ṣáájú %s nínú ìlà náà. Ta ni yóò máa kọ ìyẹn lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ní ìbéèrè?

Fún ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Merriam-Webster, ìlà tí ẹ ó kọ ni https://www.merriam-webster.com/dictionary/%s, orúkọ rẹ̀ sì lè jẹ́ mw. Ọmọ tí ń ka ìwé lálẹ́ tí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ diligent yóò kọ mw diligent, ìtumọ̀ yóò sì wà níwájú rẹ̀. Èyí tọ́ kí àwọn òbí fiyèsí. Ọmọ tí a rán lọ sí ẹ̀rọ ìwárí láti wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan dà bí ọmọ tí a rán ra iyọ̀ tí ó níláti gba àárín ọjà kọjá: ó rí alágbo eré, ó rí onírúurú àwòrán, ó rí ìròyìn bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ sì ti ṣú kí ó tó rántí iyọ̀. Ti YouTube ni https://www.youtube.com/results?search_query=%s, èyí tí ó wúlò fún ẹni tí ń wá orin tàbí ẹ̀kọ́ ìránṣọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti ojú ìwé mìíràn, ẹ wá ọ̀rọ̀ kan tí kò ní àmì ohùn, gẹ́gẹ́ bí agbado, nínú àpótí ìwárí ojú ìwé náà, kí ẹ sì wo àdírẹ́sì lókè nígbà tí ìdáhùn bá dé. Bí ẹ bá rí agbado níbẹ̀, ẹ da gbogbo àdírẹ́sì náà kọ, kí ẹ sì fi %s rọ́pò agbado nìkan. Bí ẹ kò bá rí i, ojú ìwé náà ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lábẹ́ aṣọ, ọgbọ́n yìí kò sì ràn án.

Ẹ̀yin tí ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ yóò rí èrè kan sí i. Ẹni tí ó bá gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìwárí lọ ti kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé ẹ̀rọ náà pẹ̀lú àwòrán àti ìpolówó rẹ̀, kí ó tó ṣí èyí tí ó ń wá. Ojú ìwé méjì li ó sanwó rẹ̀, ẹyọ kan péré li ó sì nílò.

Ní ti yíyan orúkọ, oníkálukú ní ọgbọ́n tirẹ̀. Mo rí bàbá kan tí ó fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ pe ojú ìwé ilé-ìwé wọn, ti àkọ́bí ń jẹ́ orúkọ àkọ́bí, ti àbígbẹ̀yìn ń jẹ́ ti àbígbẹ̀yìn, kò sì ṣì wọ́n pè rí. Kìkì pé kí ẹ má ṣe lo ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìwárí. Bí ẹ bá fi ile ṣe orúkọ fún àmì-ìwé tí ó ní %s nínú, lí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wá “ile iwe giga” lórí Google, Firefox yóò gbà pé ẹ ń pe orúkọ náà, yóò sì gbé “iwe giga” lọ sí ibi tí ẹ kò rán an. Lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tí kò jẹ́ ọ̀rọ̀ rárá li ó dára jù. Ẹ kọ ọ́ láìní àmì ohùn àti láìní àmì ìsàlẹ̀, nítorí kíbọ́ọ̀dù púpọ̀ kò ní wọn. Ẹni tí ó mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í fojú kékeré wo àmì orí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kì í ṣe ohun tí a ó tẹ̀ jáde fún aráyé kà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá, èyí tí ó tẹ̀lé orúkọ, ní tirẹ̀ lè ní gbogbo àmì rẹ̀ pé, yóò sì dé ibi tí ó ń lọ láìsí ìpalára.

Bí ọwọ́ bá ṣì tí ẹ kọ orúkọ tí kò sí, bíráósà yóò rò pé ọ̀rọ̀ ìwárí ni, yóò sì gbé yín lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìwárí. Bí ó bá jẹ́ báńkì li ẹ ń lọ, ẹ má ṣe tẹ ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ padà, kí ẹ tún orúkọ náà kọ. Ẹ má sì ṣe kó orúkọ jọ bí ẹni ń kó àtẹ. Orúkọ mẹ́wàá tó fún ilé kan, lójú tèmi. Ẹni tí ó ní àádọ́ta yóò tún wá ìwé tí yóò kọ wọ́n sí.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò wí pé kí li ìyọnu yìí fún, nígbà tí bíráósà fúnra rẹ̀ ń parí àdírẹ́sì bí a bá ti kọ lẹ́tà méjì àkọ́kọ́. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti ń ṣe é: ó ń méfò ni, láti inú àwọn ibi tí ẹ ti lọ rí. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì wọ ilé olè lẹ́ẹ̀kan, ilé olè náà wà nínú ohun tí ó lè fi méfò lọ́la. Bí ẹnìkan nínú ilé bá sì pa ìtàn ìrìn bíráósà rẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ti ń ṣe nígbà tí wọn kò fẹ́ kí a mọ ibi tí wọ́n lọ, púpọ̀ nínú ohun tí ó fi ń méfò ti bá a lọ. Orúkọ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ kì í méfò. Àmì-ìwé li a so ó mọ́, pípa ìtàn ìrìn rẹ́ kò sì kàn án.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Chrome kò so orúkọ mọ́ àmì-ìwé, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ %s. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Search engine, lẹ́yìn náà Manage search engines and site search; lábẹ́ Site search ẹ tẹ Add, ẹ ó sì rí àyè fún orúkọ ojú ìwé, fún orúkọ kúkúrú tí wọ́n pè ní Shortcut, àti fún àdírẹ́sì tí %s wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ orúkọ kúkúrú náà, ẹ tẹ Tab, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá. Ti Edge jọ ọ́. Safari kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú àmì-ìwé rẹ̀. DuckDuckGo ní orúkọ kúkúrú tí ẹlòmíràn ti sọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tí ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìyanu: ẹni tí ó kọ !w sí iwájú ọ̀rọ̀ yóò dé Wikipedia. Ó wúlò, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú nìyẹn, kì í ṣe orúkọ ilé. Kò mọ báńkì yín tàbí ilé-ìwé ọmọ yín bí ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n. Lórí fóònù, ohun tí èmi ń gba àwọn ènìyàn ní ìmọ̀ràn ni pé kí wọ́n ṣí ojú ìwé òtítọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì lo Add to Home screen tí ó wà nínú àwọn àṣẹ Chrome, kí àmì rẹ̀ lè wà lójú fóònù fún títẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn ti gbó. Bí ẹ kò bá fi nǹkan pamọ́ sí ibòmíràn, orí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan li àwọn orúkọ wọ̀nyí wà, bí ó bá sì kú, wọ́n bá a kú. Nínú Library tí a ti dárúkọ, ẹ tẹ Import and Backup, lẹ́yìn náà Backup. Fáìlì kan yóò jáde, ẹ dà á sí orí flash drive kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìwé ilé. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn padà sórí kọ̀ǹpútà titun, Restore li ẹ ó tẹ̀, ní ibẹ̀ kan náà. Ẹ ṣe é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí kó àmì-ìwé mìíràn jọ sórí titun náà, nítorí Restore a máa pa gbogbo èyí tí ó bá bá nílẹ̀ rẹ́.